Orogún Tí Ó Ń San Owó Orí

Títí di òní olónìí, ìyá mi kò gbà pé kọ́ńpìnnì kì í ṣe ènìyàn. Bí ẹ bá bá a jiyàn, yóò bi yín pé kí ló dé tí ó fi lórúkọ, tí ó ní nọ́ńbà, tí ìjọba sì mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n ń bi í ní owó orí. Á ní ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ran ara ló wà ní Boundary, ládùúgbò wa, tí ìjọba kò mọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èmi kì í fèsì mọ́. Ẹni tó bá ti bá ìyá mi fa ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan á mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ ló dára jù.

Bàbá mi ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé ni nílé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní Àpápá, díákónì sì ni nínú ìjọ wa: ọkùnrin tí ó máa ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ kan pa pọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tí ó sì gbà pé kò sí ìyọnu láyé yìí tí ìwé tó ní òǹtẹ̀ kò lè yanjú. Òun àti ìyá mi kọ́ ilé méjì sí Ajégúnlẹ̀, kò jìnnà sí Boundary. Ọ̀kan jẹ́ oníyàrá kọ̀ọ̀kan tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn; èkejì jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀. Mo ní òun àti ìyá mi, nítorí pé ó ṣojú mi. Bàbá mi ní owó oṣù. Ìyá mi ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ló ń rán, bí sáà tuntun bá sì ti wọlé, búlọ́ọ̀kù máa ń dé tẹ̀lé e.

Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìntì, àgbàlagbà kan kú nínú ìjọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ du ilé rẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí òrùlé fi wó sórí àríyànjiyàn náà. Ẹ̀rù ba bàbá mi. Lọ́yà kan wá gbà á nímọ̀ràn pé kí ó gbé ilé méjèèjì sí abẹ́ kọ́ńpìnnì, nítorí pé kọ́ńpìnnì kì í kú, a kì í sì í pín ogún ẹni tí kò kú. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọn. Ó fún kọ́ńpìnnì náà ní orúkọ tó gùn ju kọ́rídọ̀ ilé lọ, tí ‘àgbáyé’ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ògiri ilé ìgbẹ́ aládùúgbò ni fèrèsé ẹ̀yìn wa ń wò. Ó fi ara rẹ̀, ìyá mi àti èmi ṣe dírẹ́kítọ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ìwé wá bá ìyá mi nídìí ẹ̀rọ, ó ní, “Mọ́mì, fọwọ́ síbí.” Ìyá mi fọwọ́ síbẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ mítà iná ni.

Bàbá mi ti re ibi àgbà ń rè báyìí. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, oúnjẹ àlejò kò tíì tán nínú ìkòkò tí àbúrò mi ọkùnrin, tó ń gbé òkè òkun, fi bi mí léèrè èló ni wọ́n ń ta ilẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Mo sọ fún un pé ilé ti wà lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì. Ó bínú, ó wọ bàálù rẹ̀ padà. Ìyá mi ní tirẹ̀ gbọ́ ‘kọ́ńpìnnì’, ó rò pé irọ́ ni mo fi lé e lọ, ó sì yìn mí.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bá ìgbé ayé rẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí ìyá onílé, nínú yàrá àti pálọ̀ iwájú lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Kí ẹ mọ̀ pé ní àdúgbò wa, ìyá onílé kì í ṣe ẹni tó ń gba owó ilé lásán. Òun ló ń parí ìjà nídìí ẹ̀rọ omi. Òun ló ń gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ ìyá ọmọ lẹ́nu géètì kí wọ́n tó gbé e wọlé, kì í sì í gba owó ilé lóṣù tí wọ́n bá sọmọ lórúkọ. Ìyá mi fẹ́ràn oyè yẹn ju gbogbo oyè tí ìjọ lè fún un lọ, ó sì nídìí. Kí wọ́n tó bí mi, onílé kan ní òpópónà kejì yọ ilẹ̀kùn yàrá wọn gbé lọ nítorí owó ilé tó fi díẹ̀ pẹ́. Ìyá mi fi ìró ta ẹnu ọ̀nà ọ̀hún. Ó búra pé bí òun bá kúrò lábẹ́ òrùlé ọkùnrin yẹn, òun kò ní jẹ́ ayálégbé ẹnikẹ́ni mọ́ títí òun fi máa kú.

Ohun tó gbé owó orí dé ni òrùlé tó ń jò. Páànù orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti gbó, òjò sì yan orí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi láàyò. Owó tó wà nílẹ̀ kò lè tún un ṣe. Ọlọ́run ṣe é, àwọn oníṣòwò tírélà kan fẹ́ gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ fi ṣe ọ́fíìsì, wọ́n sì fẹ́ san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: ìwé ẹ̀rí pé kọ́ńpìnnì tó ni ilé kò jẹ ìjọba ní owó orí.

Mo ń ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní wáàfù, ní Warehouse Road. Òkè ṣọ́ọ̀bù táyà kan níbẹ̀ ni mo ti rí akáńtáǹtì wa, ọkùnrin pẹ̀lẹ́tù kan tó máa ń nu ẹnu bíírò rẹ̀ kí ó tó sọ òótọ́ fún èèyàn. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá mi. Mo rò pé a máa lo wákàtí kan.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó ní, “Màmá, kọ́ńpìnnì kékeré ni tiyín. Bí òfin ṣe wà, ẹ ò ní san owó orí kankan lórí èrè.”

“Ọlọ́run ṣeun,” ìyá mi wí. “Ó dàbọ̀.”

“Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ lọ sọ fún wọn, Màmá.”

“Kí n lọ sọ kí ni?”

“Pé kò sí nǹkan tí ẹ máa san.”

“Tí mi ò bá sọ ńkọ́?”

“Wọ́n máa bu owó ìtanràn lé yín.”

Ìyá mi bọ́ awò ojú rẹ̀. “Jẹ́ kó yé mi. Mo máa dìde nílé mi, mo máa lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí mi ò jẹ ní gbèsè, mo máa ní ẹ kú ilé o, èmi ni mi ò jẹ yín ní gbèsè. Tí mi ò bá wá lọ, mo ti jẹ gbèsè nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Màmá!” Inú akáńtáǹtì dùn gan-an. Ó jọ pé kò tíì sẹ́ni tó lóye rẹ̀ kíákíá bẹ́ẹ̀ rí.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń gbébẹ̀, iye tó ń san. Ìyá mi ń dá a lóhùn láìwo ìwé. Nígbà tó kan yàrá àti pálọ̀ iwájú, ìyá mi ní, “Èmi ni mo wà níbẹ̀.”

“Èló lẹ ń san?”

Mo wúkọ́. Mo tẹ akáńtáǹtì lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Olóòótọ́ ènìyàn ni, kò dá mi lóhùn.

“Màmá, legally, ilé yìí kì í ṣe tiyín. Ti kọ́ńpìnnì ni. Inú ilé kọ́ńpìnnì lẹ ń gbé. A gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kan síbẹ̀.”

“Ti ta ni?”

“Ti kọ́ńpìnnì.”

“Níbo ló ń gbé?”

“Kò gbé ibì kankan, Màmá, orí ìwé ló wà. Ṣùgbọ́n lójú òfin, èèyàn ni. Ó lè ra ilé, ó lè pe ẹjọ́. Kódà ó lè pẹ́ láyé ju gbogbo wa lọ.”

Omi ń kán sínú bẹ́ẹ̀sìnnì tó wà nígun. Ìyá mi bá bi í léèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “Ọjọ́ wo ló dé?”

“Ta ni, Màmá?”

“Ẹni tí ọkọ mi gbé ilé mi fún. Ọjọ́ wo ló dé?”

Akáńtáǹtì, ọmọ rere, yẹ ìwé wò. Ó ní ọdún tí Bàbá fẹ̀yìntì ni. Ìyá mi yíjú sí fọ́tò bàbá mi lára ògiri, níbi tó ti wọ kóòtù, tó di Bíbélì mú. “Díákónì,” ó wí. “Díákónì inú ìjọ Ọlọ́run! Ẹ fẹ́ ìyàwó lé mi lórí, ẹ sì ní kí n fọwọ́ sí i.”

Ó ti ìwé náà padà sọ́dọ̀ wa. Ó ní òun kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Kí ìyàwó kékeré lọ san owó orí ara rẹ̀.

Mo rò pé ìbínú ọjọ́ kan ni. Mo gbàgbé ẹni tó bí mi, nítorí pé inú fùfù mi kò wá láti ìta. Nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo bá ìyá mi lẹ́nu géètì pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́ àti gèlè lórí bí ẹni tó ń lọ ìsìn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni éjẹ́ǹtì kan dúró sí, ọ̀kan nínú àwọn tó ń jókòó lábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá gáréèjì, tí wọ́n kọ ‘Yàrá Wà’ sórí pátákó.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́,” éjẹ́ǹtì náà sọ fún mi, “ẹ bá mi bẹ Màmá. Wọ́n ní kí n wá fi yàrá wọn hàn wọ́n.”

“Mo ti san owó ìrìn ẹ,” ìyá mi wí. “Ṣáájú mi.”

Ó ṣáájú rẹ̀. Mo tẹ̀lé wọn. Ìyá mi wọ pálọ̀ ara rẹ̀ bí àlejò, ó ń wo òkè wo ilẹ̀, ó ń fi ìka kan ògiri. Ó kọjá lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò kí i.

“Ṣé ilé yìí ń jò?”

“Màmá, ẹ̀yin lẹ gbé bẹ́ẹ̀sìnnì sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn.”

“Mo bi ẹ́ ní ìbéèrè ni.”

“Ó… ó ń jò díẹ̀, mà.”

“Omi ńkọ́?”

“Omi wà dáadáa, mà. Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ẹ.”

“Onílé yẹn ńkọ́? Ṣé èèyàn gidi ni?”

Éjẹ́ǹtì wò mí. Èmi náà wò ó. “Wọ́n ń gbìyànjú, mà,” ó wí.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, inú sì tún ń bí mi, àwọn méjèèjì pàdé ní ọ̀nà ọ̀fun mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyá mi ní òun gba yàrá náà, a sì tẹ̀lé éjẹ́ǹtì padà sábẹ́ agboòrùn rẹ̀. Ìyá mi ná owó ilé, ó yọwó díẹ̀ kúrò nítorí òjò, ó san owó àgírímẹ́ǹtì, ó san kọmíṣàn, ó san owó kọ́ṣàn tí wọ́n fi ń dúró de ẹni tó bá ba ilé jẹ́. Nígbà tó kan ẹni tó máa fọwọ́ síwèé fún onílé, gbogbo wọn wo ojú mi. Èmi ni dírẹ́kítọ̀ tó kù. Bí mo ṣe di onílé ìyá mi nìyẹn, lábẹ́ agboòrùn, lẹ́bàá gáréèjì, tí ẹni tó ń ta gúgúrú sì ń ṣe ẹlẹ́rìí.

Ayálégbé wa tó pẹ́ jù ni wẹ́dà kan tó ń jó irin, láti ìhà Warri, òun sì ni alága ìpàdé àwọn ayálégbé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ìpàdé náà sílẹ̀, ìyá mi kò lè débẹ̀, nítorí pé òun gan-an ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pàdé. Báyìí, ó gbé àga rẹ̀ lọ. Wọ́n dìde fún un, wọ́n kúnlẹ̀ kí i, wọ́n gbé mímu tútù fún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lọ́wọ́ onílé.

Mo wà ní Warehouse Road lọ́jọ́ tí wọ́n wá bá mi. Ẹrù kan há sí wáàfù, oníbàárà ń pariwo létí mi lórí fóònù, tírélà méjì sì ti dí ẹnu géètì wa. Mo gbójú sókè, mo rí wẹ́dà, mo rí obìnrin tó ń ṣe búrẹ́dì lẹ́yìn ilé, mo rí ìyá mi láàárín wọn.

“Madam, we no come fight o,” wẹ́dà wí. “Na Mama Landlord say make we come. The roof dey leak, the soakaway don full, and the bulb for passage don quench since.”

“Ta ló ń jẹ́ Mama Landlord?” ìyá mi bi í. “Sọ ọ́ dáadáa.”

“Sorry, Mama. Na the new tenant for front room.”

Ọ̀gá mi jáde sí wa, ó sì rọra bi mí pé ṣé ìyá mi kọ́ nìyẹn, tó gbàdúrà fún gbogbo wa níbi ìdúpẹ́ ọdún. Kí n tó la ẹnu, ìyá mi tẹ orúnkún díẹ̀. “Ayálégbé wọn ni mí, sà. Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n.”

Ọ̀gá mi bá wọn bẹ̀ mí. Ọkùnrin tí kò fún mi láyè ìsinmi rí dúró síbẹ̀, ó ń sọ fún mi pé kì í dáa kí èèyàn máa fìyà jẹ àwọn ayálégbé. Inú bí mi débi pé mi ò lè jókòó. Mo ní kí wọ́n lọ, màá gbọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe ń jáde, wẹ́dà dúró sẹ́yìn. Ó ní, “Madam, abeg no vex. But your mama na the best tenant wey we don get for that house. She dey pay before time.”

Mo pààrọ̀ gílóòbù kọ́rídọ̀. Mo pe àwọn tó ń fa ṣọkáwéè. Òrùlé nìkan ni mi ò lè ṣe. Àwọn onítírélà pè mí, wọ́n ní bí oṣù bá parí tí ìwé owó orí kò dé, àwọn máa gba ibòmíràn. Akáńtáǹtì ní kò sí ọgbọ́n tí òun lè dá sí i: láti ìgbà tí Bàbá ti kú, ìyá mi ni alága àwọn dírẹ́kítọ̀, kò sì sí ohun tó lè kúrò níwájú òun láìsí ọwọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, mo gba ilé ìyá mi lọ. Òjò ti rọ̀. Ó ti sún bẹ́ẹ̀dì sẹ́bàá ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀sìnnì ti di mẹ́ta. Mo fi ìwé sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo sì fi ohùn tí èèyàn kì í lò fún ìyá rẹ̀ sọ pé, “Mọ́mì, ẹ fọwọ́ sí i, kí ọ̀rọ̀ yìí tán! Ìwé lásán ni!”

Kò bínú. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

“Ọjọ́ tí wọ́n yọ ilẹ̀kùn wa,” ó wí, “inú mi lo wà. Mo ta ìró mi síbẹ̀, èmi àti bàbá ẹ jókòó sẹ́yìn ẹ̀, a ń gbọ́ bí àwọn tó ń kọjá ṣe ń fi wá rẹ́rìn-ín. Bàbá ẹ di ọwọ́ mi mú, ó ní, ‘Màá kọ́lé fún ẹ.’ Kò ní màá kọ́lé. Ó ní màá kọ́lé fún ẹ. Mo gbà á gbọ́. Mo fi yunifọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ gbé ilé yìí dúró. Ó wá mú un fún ẹlòmíì, kò sì lè wojú mi kó sọ ọ́. Owó ilé tí mo san yẹn, o rò pé mo fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni? Mo ń wò ó bóyá ó máa dùn mí tó bó ṣe dùn mí nígbà yẹn ni.”

“Ṣé ó dùn yín?”

“Ó dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Inú bí mi sí bàbá mi, òkú olókùú, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti sin ín. Mo jókòó ti ìyá mi létí bẹ́ẹ̀dì. Mo bi í bóyá ó rántí ohun tí àbúrò mi béèrè lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí oúnjẹ àlejò kò tíì tán nínú ìkòkò.

“Mo rántí.”

“Ká ní orúkọ Dádì ló wà lára ilé yìí lọ́jọ́ yẹn, níbo lẹ̀ bá wà lónìí?”

Ó wo fọ́tò.

“Ẹ̀yin ọmọ ló fi í pamọ́ fún, kí ẹ má bàa tà á?”

“Àwa ni, Mọ́mì.”

“Ó wá fi pamọ́ fún èmi náà.” Ó kẹ́dùn. “Ọkùnrin! Pe ọmọkùnrin olówó orí yẹn. Mo ní ìbéèrè.”

Akáńtáǹtì dé nínú aṣọ ìjọ, kò tíì jẹun. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má sọ òfin kankan, ohun tí wọ́n bá bi í nìkan ni kó dáhùn. Ìyá mi jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ bí adájọ́.

“Kọ́ńpìnnì yìí, ṣé ó lè lé mi jáde?”

“Kò lè ṣe é, Màmá, àfi tí àwọn dírẹ́kítọ̀ bá fẹnu kò. Ẹ̀yin ni alága wọn.”

“Ṣé ó lè ta ilé yìí?”

“Kò ní ọwọ́ tó máa fi fọwọ́ sí i, àfi ọwọ́ yín.”

“Ṣé ó lè sọ̀rọ̀?”

“Àfi tí ẹ bá bá a sọ ọ́.”

“Tí wọ́n bá wá pè é nítorí owó orí, ṣé kò lè lọ dá wọn lóhùn?”

“Kò lẹ́sẹ̀, Màmá. Ìdí tí mo ṣe ń bẹ̀ yín láti ọjọ́ yìí nìyẹn.”

Ìyá mi bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó dé e padà. “Kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀, kò lẹ́nu,” ó wí. “Òun náà ni wọ́n wá fẹ́ bu owó ìtanràn lé?”

“Òun ni, mà.”

“Àwọn èèyàn yìí ò lójú àánú o.”

Bẹ́ẹ̀ ni ìpàdé àwọn dírẹ́kítọ̀ ṣe wáyé láàárín bẹ́ẹ̀sìnnì mẹ́ta. Ìyá mi ní a kò lè bẹ̀rẹ̀ láìkọrin, a kọ orin. Ó gbàdúrà fún kọ́ńpìnnì náà, ó dárúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó sì gba àkókò. Akáńtáǹtì ní ọ̀nà wà tí yàrá iwájú kò fi ní í jẹ́ ti ayálégbé: a ó kọ ọ́ pé ìyá mi ni alábòójútó ilé méjèèjì, pé ibùgbé rẹ̀ jẹ́ ara ẹ̀tọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Mo dábàá rẹ̀. Ìyá mi ní kí a kọ́kọ́ dá owó kọ́ṣàn òun padà, nítorí pé òun kò ba nǹkan kan jẹ́. Mo dá a padà. Ó fọwọ́ sí gbogbo ìwé, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé, pẹ̀lú ọwọ́ tó fi ń kọ ìwọ̀n àyà ọmọ iléèwé.

Orí ẹ̀rọ ayélujára ni wọ́n ti ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ báyìí. Akáńtáǹtì tẹ̀ ẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, ó ní ó ti lọ. Ìyá mi ní níbo ló lọ. Ó ní wọn kì í fi kọ̀ǹpútà rán aláìlẹ́sẹ̀ níṣẹ́, àgbàlagbà ló ń mú un lọ́wọ́ lọ. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ó wọ léèsì tó fi sin bàbá mi, a sì gba kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ́fíìsì àwọn olówó orí.

Obìnrin tó wà nídìí káńtà yẹ kọ̀ǹpútà wò. Ó ní, “Màmá, a ti rí i. Òdo ni. Kò sí nǹkan tí ẹ máa san.”

“Òdo?”

“Òdo, mà.”

Ìyá mi tú ẹ̀gbẹ́ ìró rẹ̀. Ó ti so owó mọ́bẹ̀, kò sọ fún mi. “Ẹ wò ó dáadáa. Ilé méjì ló ní o. Ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé kò ní nǹkan kan.”

Obìnrin náà bá wa tẹ ìwé kan jáde tó sọ pé kọ́ńpìnnì ti wá jíhìn. Ìyá mi kà á látòkè délẹ̀, ó ká a, ó fi sínú Bíbélì. Nínú kẹ̀kẹ́, ó di báàgì mú mọ́ àyà rẹ̀ títí a fi dé Boundary.

Ìwé ẹ̀rí gan-an jáde kí oṣù tó parí. Àwọn onítírélà san owó. Àwọn káfíńtà gun orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n kan páànù tuntun láti igun dé igun, ìyá mi sì dúró nísàlẹ̀, ó ń fọ̀rọ̀ sí wọn lára bí ìyá onílé. Gbogbo àdúgbò ti padà sí orúkọ yẹn, àyàfi wẹ́dà, tó ní àwọn pàdánù ayálégbé tó dára jù lọ.

Mo gbé ìwé ẹ̀rí náà lọ fún ìyá mi nínú gíláàsì. Ó ti fi ìṣó àti òòlù dè mí. Ẹ̀gbẹ́ fọ́tò bàbá mi ni mo fẹ́ gbé e sí, ó gbọ̀n mí lọ́wọ́ kúrò. Fọ́tò òun fúnra rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kò sì sí àyè. Ó kan ìṣó sísàlẹ̀ àwọn méjèèjì, ó gbé ìwé náà kọ́, ó tún un ṣe títí ó fi dúró gbọọrọ. Lẹ́yìn náà, ó gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀.

“Díákónì, ìyàwó yín rèé,” ó wí. “Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Èmi ni mo mú un lọ, èmi ni mo mú un bọ̀. Mo gbọ́ pé ó máa pẹ́ láyé jù mí lọ, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún un pé èmi ni ìyáálé.”